Bí Mo Ṣe Lọ Ṣe Onídùúró fún Ọmọ Mi ní Bìní

Ẹ̀yin ará Ìkirè, ẹnikẹ́ni kò ti Bímpé mọ́lé. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ là mọ́lẹ̀ nìyẹn, nítorí láti ìgbà tí mo ti dé, ẹni mẹ́ta ló ti fà mí sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bi mí bóyá wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ìyá Sùúrù tilẹ̀ ń bá mi kẹ́dùn. Ẹ̀bi mi ni, n kò jiyàn, èmi ni mo kó ìwé ilé dání tí mo ń sáré káàkiri àdúgbò. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí lẹ́nu láti máa sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá dé ibi tí kò yé yín, ẹ fara balẹ̀. Kò yé èmi náà tán.

Ìpè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ Bímpé mọ́. Òun nìkan ni ọmọ mi obìnrin, ó sì ti pẹ́ ní Bìní. Ó ń ta òwú, sípù àti bọ́tìnnì fún àwọn aránṣọ ní New Benin. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Wàrí, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Tọ́pẹ́, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá. Tọ́pẹ́ gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí o bá bá a sọ ọ́, Píjìn ni yóò fi dá ọ lóhùn. Èmi náà gbọ́ Píjìn díẹ̀, èyí tí mo kọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ tó ń wá kó kòkó. Láàárín díẹ̀ tèmi àti díẹ̀ tirẹ̀ ni wàhálà yìí gbà wọlé.

Mo wà lóko, mo ń tọ́ iṣu, nígbà tí fóònù dún.

“Grandpa! Mummy... dem don hold am o!”

“Ta ló mú un?”

“...na B cell! Dem say na B cell. She no fit come house!”

Fóònù kú. Mo pè é padà, pè é padà, obìnrin tó máa ń sọ pé nọ́ńbà kò lọ ló ń dá mi lóhùn. Tọ́pẹ́ ti búra fún mi lẹ́yìn náà pé òun dárúkọ ọsibítù. Bóyá ó dárúkọ rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbé e mì.

Ẹ wá bi ara yín léèrè. Wọ́n ní wọ́n ti mú ọmọ yín, wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì B, wọ́n ní kò lè wálé. Kí ni ẹ máa rò? Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé, òun ni èyí tó wà lẹ́yìn káńtà ọlọ́pàá. Ẹ̀yin kan náà tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí lẹ ní kí n mú ìwé ilé, kí n mú rìsíìtì owó orí, kí n lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, pé bí onídùúró ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bàbá Ìjọ bá mi kọ lẹ́tà pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan. Mo di dòdò Ìkirè sínú ewé fún Tọ́pẹ́. Mo sì rọ àgbo egbò igi sínú ìgò kan, èyí tí mo máa ń sè fún ẹni tí agbára rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti àtìmọ́lé jáde, ara rẹ̀ kì í le. Ẹ má gbàgbé ìgò àgbo yẹn.

Kóyo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye kòtò tó wà láàárín Orè àti Bìní, kó lọ kà wọ́n fúnra rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo dé, ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n bí epo, gbogbo ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sì pọ́n kí n tó rin ìrìn ogún ẹsẹ̀. Ọdún tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀kadà ni, wọ́n pọ̀ bí eṣú lójú títì.

Ohùn àwọn ará ibẹ̀ ga. Mo rí obìnrin méjì ní Sapele Road tí mo rò pé wọ́n fẹ́ wọ̀yá ìjà. Mo gbé ẹrù mi kalẹ̀ láti là wọ́n. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbá ara wọn mọ́ra. Mo padà lọ gbé ẹrù mi.

Obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ibẹ̀ ti rí mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Kóyo, Papa!”

Kó yó? Mo wo ikùn mi. Mo rò ó pé irú ìlú wo rèé, tí wọn kì í kí èèyàn pé ẹ kú ìrìn, tó jẹ́ pé ikùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́. Mo fọwọ́ lé ikùn, mo dá a lóhùn, “Kò tíì yó o, ọmọ mi. Láti àárọ̀ ni mi ò tíì fẹnu kan nǹkan.”

Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ibi tí ọwọ́ mi wà. Ó fa àpótí kan sílẹ̀ fún mi, ó fún mi ní bọ̀ọ̀lì méjì àti ẹ̀pà, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ àgbàlagbà tí ebi ń pa. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Bímpé tó ṣàlàyé pé “kóyo” kò ju “ẹ ǹlẹ́” lọ ní èdè wọn. Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ẹni tó kí mi nílùú yẹn ni mo sọ fún pé n kò tíì yó. Abájọ tí wọ́n fi ń bọ́ mi ṣáá.

Nígbà tí mo jẹun tán, mo bi í léèrè ibi tí àgọ́ ọlọ́pàá wà.

“Police? Papa, dem thief you?”

Kí n tó ṣàlàyé, obìnrin mẹ́ta ti dìde. Wọ́n fi ọjà wọn sílẹ̀ fún àwọn yòókù ṣọ́, wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ọlọ́pàá bí ẹni sìnyàwó. Wọn kò mọ̀ mí rí. Mo dúpẹ́ títí, n kò sì mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn títí di òní.

Ní káńtà

Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà jẹ́ ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ gbọ́ dáadáa, àgbà bíi tèmi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nítorí ọmọ. Ọkùnrin náà fò dìde.

“Papa, abeg, stand up! Who you dey find?”

Mo tú fáìlì mi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. “My pikin. Bímpé. She dey cell B.”

“Wetin she do?”

“I no know.”

“Who carry am come?”

“I no know.”

Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó ń fi ìka tọ orúkọ lẹ́sẹẹsẹ títí dé ìsàlẹ̀. “No Bímpé for here. And we no get cell B. Na man cell and woman cell we get.” Àánú mi ṣe é ṣá. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ké sí inú: “Who be Bímpé for there?”

“Na me!” Ohùn obìnrin kan dáhùn kíá. “Na me be Bímpé! Daddy, na me!”

Mo sáré dé ibi irin náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló di irin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kì í ṣe Bímpé mi. Kò tilẹ̀ jọ ọ́. Ó wò mí lójú, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Daddy, abeg. Tell dem say na me.”

Ìwé ilé wà lọ́wọ́ mi, fọ́tò mi wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó ń wá onídùúró sì wà níwájú mi. Mo dúró bẹ́ẹ̀ bí òpó. Ọlọ́pàá ní, “Sister, leave Papa,” mo sì yí padà. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo tì í mọ́lé.

Ọlọ́pàá náà gba nọ́ńbà Tọ́pẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fi fóònù tirẹ̀ pè é, ìpè náà sì wọlé. Ó gbọ́ títí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ fìlà, ó gbé orí lé ìwé ńlá yẹn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín.

“Papa, your pikin dey hospital. No be police cell. Na body cell.”

“Body cell?”

“Cell wey dey inside body.”

“Who put cell for inside body?”

“Na God.”

Ẹ gbà mí! Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló kọ́ àtìmọ́lé sínú ara èèyàn. Mo bi í pé ta ni wọ́n wá tì mọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè dá mi lóhùn. Òun ló dá kẹ̀kẹ́ dúró fún mi, tó júwe ọsibítù fún awakọ̀ náà. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń lọ ni mò ń gbọ́ ohùn obìnrin yẹn létí mi: na me, na me.

Àwọn tó ń bí ohun ìjà

Inú mi dùn fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ pé Bímpé kò sí lẹ́yìn irin. Nígbà tí mo rí i tán, inú mi bàjẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n bí ẹni tó fi osùn pa á, ó gba orí imú kọjá. Ìka rẹ̀, ìka tó ń fi sípù wé ara wọn kíákíá, ti wú, kò ká mọ́. Nígbà tí Tọ́pẹ́ sọ fún un ibi tí mo ti ń bọ̀ àti ohun tó wà nínú fáìlì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, nítorí ẹ̀rín náà ń dùn ún.

Dókítà rẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọmọ Ẹ̀dó, kò ju ọmọ mi lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Tọ́pẹ́ ni ògbufọ̀.

“Grandpa, sọ́jà wà nínú ẹ̀jẹ̀.”

Mo ní ó dára.

“Dem plenty. One kind, name na B cell. Ó ń come out láti inú... inú egungun. Soft thing wey dey inside.”

“Mùdùnmúdùn.”

“Ehn, that one. Wọ́n ń... wọ́n ń bí weapon.”

“Wọ́n ń bí ohun ìjà?” Ó yé mi. Mo rò pé torí pé wọ́n ń bí nǹkan ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní Bí. Títí di òní, n kò rí ìdí mìíràn tó dára ju ìyẹn lọ.

Dókítà tún ní wọn kì í gbàgbé. Àìsàn tó bá bá wọn jà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi ojú rẹ̀ sọ́kàn, bó bá tún padà lẹ́yìn ogún ọdún, ohun ìjà rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èéyi tó mú Bímpé ní kékeré kò fi mú un mọ́. Ó wú mi lórí. Mo ní bí àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí bá dára tó báyìí, kí ló wá gbé ọmọ mi dùbúlẹ̀ síbí?

Dókítà mí kanlẹ̀. Tọ́pẹ́ wá ọ̀rọ̀ títí.

“Grandpa, wọ́n ń fight Mummy.”

“Ta ni?”

“The soja.”

“Sọ́jà ta ni?”

“Sọ́jà Mummy.”

“Sọ́jà Mummy ń bá Mummy jà?”

“Ehn.”

Mo wo dókítà. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí mi dàrú pátápátá. Mo mọ̀ pé kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà, ṣùgbọ́n kòkòrò kì í ṣe obì. Èyí tí wọ́n ń sọ fún mi yìí, obì ló ń jẹ ara rẹ̀. Wọ́n ní lúpọ́ọ̀sì lorúkọ rẹ̀. Ó ti bá oríkèé ara jà, ó ti bá awọ ojú jà, ó sì ti ń sún mọ́ kíndìnrín. Oògùn kan wà tí Bímpé gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́ tí yóò mú kí wọ́n rọlẹ̀. Bí kò bá lò ó, kíndìnrín á lọ, bí kíndìnrín bá sì lọ... Dókítà sọ ìyókù, ṣùgbọ́n Tọ́pẹ́ kò túmọ̀ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó yé mi ju gbogbo èyí tó ti túmọ̀ lọ.

Papa Yorùbá

Wọ́n dá Bímpé padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọkọ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Wàrí, èmi náà sì di ará New Benin. Ní Ìkirè, Bàbá Bímpé ni mí. Níbẹ̀, Papa Yorùbá ni mo dà. Àwọn ọmọ tí n kò mọ̀ ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ ní èdè wọn, mo sì ń fi àdúrà Yorùbá dá wọn lóhùn, olúkúlùkù wa ń bá tirẹ̀ lọ. Tọ́pẹ́ mú mi lọ sí ọjà Ekiosa, ó ra ẹja, ó sì se ọbẹ̀ dúdú kan tí mo rò pé ó jóná. Kò jóná. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wọ́n tún fún mi ní stáàṣì, oúnjẹ kan tó ń fà bí oje igi. Mo fà á, òun náà ń fà mí, Tọ́pẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Mo jẹ dòdò Ìkirè tí mo gbé wá fún un lọ́jọ́ yẹn, àárò ilé ń sọ mí.

Oògùn náà ni wàhálà wa. Ó mú kí ara tu Bímpé, ṣùgbọ́n ó mú kí ojú rẹ̀ wú, kó rí róbótó. Àwọn oníbàárà ń kí i kú oríire oyún. Lójoojúmọ́ ló ń dúró níwájú dígí. “Bàbá,” ó ní, “ẹ wò mí. Ta nìyí?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ọgbọ́n mi ti tàn mí jẹ rèé. Mo ronú pé: ọmọ-ogun tí ń bá ará ilé jà, kí ló ń ṣe é? Ebi ni. Ọmọ-ogun tí kò bá yó ló ń kó ọjà ọlọ́jà. Mo sì ní àgbo tó ń fún ara lókun, bí ó bá sì tán, mo ń fi egbò tó wà nísàlẹ̀ ìgò sè òmíràn. Mo ń bu ife kan fún un láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́. Èmi náà ni mo ní kó gbé oògùn òyìnbó tì ná, kí méjèèjì má baà figagbága nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn díẹ̀díẹ̀. Ó jó fún mi ní yàrá, ó ní, “Bàbá mi, bàbá ire!” Inú mi dùn dé ibi tí mo ti ń múra àtibọ̀wá sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan tí a ti wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, Bímpé kò lè dìde lórí ibùsùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí òpó. Tọ́pẹ́ ní ìtọ̀ rẹ̀ ti ń hó bí omi ọṣẹ láti ọjọ́ mẹ́ta, pé Mummy ní kí òun má sọ fún mi.

A sáré gbé e padà sí ọsibítù, dókítà sì rí ìgò àgbo nínú báàgì rẹ̀. “Papa, wetin this one dey do?”

Mo fi ìgboyà dáhùn: “E dey give soja power.”

Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bojú. “Papa, the soja no weak. The soja strong too much. You dey feed person wey dey beat your pikin?”

Ó ní òun kò mọ ohun tó wà nínú àgbo náà, òun kò sì lè sọ ohun tó ṣe. Ó ní oògùn tí a pa tì ló dá èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìta, mo sì rántí ìyá Bímpé. Oríkèé máa ń ro òun náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun náà pọ́n ní ọdún tó ṣaláìsí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Àgbo kan náà ni mo ń fún un, ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìfẹ́. Bóyá ohun kan náà ni, bóyá kì í ṣe òun. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sẹ́ni tí mo lè bi mọ́. Mo sunkún níbẹ̀, èmi àgbàlagbà, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń sọ pé “sorry, Papa.”

Ẹni tí mo lù

Nígbà tí ara Bímpé balẹ̀ díẹ̀, dókítà kó oògùn náà dé. Bímpé yí ojú sí ògiri. “N kò lò ó mọ́. Oògùn tó ń sọ mí di ẹlòmíràn. Kí Ọlọ́run ṣe bó ṣe fẹ́.”

Dókítà bá a sọ̀rọ̀ títí. Tọ́pẹ́ ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi pẹ̀lú omi lójú. “Dókítà ní wọn ò wicked. Wọn ò sabi Mummy ni. Wọ́n rò pé thief ni. Dem dey guard house, dem come dey beat the owner.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọlé sí mi lára. Mo dìde dúró.

“Kì í ṣe sọ́jà,” mo ní. “Ọlọ́dẹ ni.”

Ẹ̀yin àgbà ilé mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bímpé kò mọ̀ ọ́n, nítorí ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ ọ́ fún un rí. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì sọ ọ́.

Ní ìgbà tí mò ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kòkó Alájì, àárọ̀ ọyẹ́ kan wà tí kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀. Mo rí ẹnì kan tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, tó ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. N kò béèrè. Mo gbé kùmọ̀. Ó ń ké pé “Èmi ni! Èmi ni!” Olè wo ni kì í sọ pé èmi ni? Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, eegun èjìká rẹ̀ kán, kí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ṣí. Alájì fúnra rẹ̀ ni. Ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ iwájú sílé.

“Ẹ lu Alájì?” Bímpé ti yí ojú kúrò lára ògiri.

“Mo lù ú.”

“Alájì tó rán mi nílé ìwé?”

“Òun náà. N kì í ṣe èèyàn burúkú, Bímpé. Mò ń ṣiṣẹ́ mi ni. Mò ń ṣe é jù.”

Mo ní nígbà tí èjìká Alájì san, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo ti di ẹrù mi. Ó ní, “Jóṣúà, bí mo bá lé ọ, olè á kó kòkó mi tán. Bí mo bá fi kùmọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, o ó pa mí. Gbé kùmọ̀ wá.” Ó gbà á, ó sì fún mi ní fèrè. Fèrè yẹn ni mo fi ṣọ́ ilé náà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olè kó kòkó lọ lójú mi, tí mò ń fọn fèrè tẹ̀lé wọn. Alájì kò bínú. Ó ní kòkó á tún so.

Tọ́pẹ́ túmọ̀ ìtàn náà fún dókítà. Dókítà fi ìka kan mi, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, pé oògùn náà kò ní pa ọlọ́dẹ, ó kàn máa gba kùmọ̀ ni. Ikọ́ àti ibà lè máa tètè mú Bímpé, nítorí olè á máa yọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tètè máa sá wá bí wọ́n bá wọlé. Tó bá sì yá, àwọn á dín in kù, ojú rẹ̀ á padà.

Bímpé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ rẹ̀ tó wú sí Tọ́pẹ́.

“Gbé e wá,” ó ní. “Ká gba kùmọ̀ lọ́wọ́ wọn.”

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù

Ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà sílé lẹ́ẹ̀kejì, dókítà kò tètè fọwọ́ sí ìwé. “Last time she promise me,” ó ní. “Now who go stand for am?”

Ìbéèrè tí mo ti ń retí láti Ìkirè nìyẹn! Mo ṣí fáìlì mi. Mo gbé ìwé ilé sílẹ̀, mo gbé rìsíìtì owó orí sílẹ̀, mo gbé lẹ́tà Bàbá Ìjọ lé e. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó dá gbogbo rẹ̀ padà fún mi. Ṣùgbọ́n ó mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kan, ó sì fi pín-ìn-nì kan án mọ́ ara káàdì ọmọ mi. Ibẹ̀ ló wà títí di òní, mo tẹjú mọ́ ẹni tó bá ṣí i, n kò rẹ́rìn-ín.

Fọ́tò kejì ni mo mú lọ sí káńtà ọlọ́pàá ní ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wálé. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe gan-an. Ọkùnrin onírun funfun náà ní àwọn èèyàn obìnrin yẹn ti wá mú un tipẹ́. Ó sọ orúkọ rẹ̀ gidi fún mi. Kò jọ Bímpé níbì kankan. Ọkàn mi fúyẹ́, síbẹ̀ ó dùn mí pé n kò tètè wá. Fọ́tò náà wà nínú Bíbélì mi.

Ẹ ti ń bi mí bóyá ara rẹ̀ ti yá. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìyẹn. Wọ́n ní àìsàn náà kì í lọ, ó máa ń sùn ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀, pé láràárọ̀, kí n tó lọ sóko, mo máa ń pe Tọ́pẹ́, mo sì máa ń bi í bóyá Mummy ti lo oògùn. Oṣù mẹ́ta ló fi ń dá mi lóhùn pé, “Yes, Grandpa, she don take am.” Ní àná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já bó ṣe máa ń já. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ fàà, mo ní kó tún un sọ. Tọ́pẹ́ tún un sọ ketekete, ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn ará Bìní:

“Ọlọ́dẹ ti jí, Bàbá mi. Mo ti gba kùmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.”